Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ọ̀gá

Ọjọ́rú kan ni wọ́n jí ẹsẹ̀ Ọ̀gá gbé, èmi ni wọ́n sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ó ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta báyìí. Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún mi pé kí n gbàgbé. Aṣu ní í gbàgbé, akó kì í gbàgbé.

Ọ̀gá ni ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ní orúnkún kí wọ́n tó bí mi, bàbá mi tó jẹ́ káfíńtà ló sì gbẹ́ ẹsẹ̀ igi tó fi ń rìn. Iṣẹ́ náà dára. Igi tó fúyẹ́ ni bàbá mi lò. Ó gbẹ́ òkè rẹ̀ jinlẹ̀ bí ife, ó fi awọ tẹ́ inú rẹ̀, ó sì gbẹ́ ọmọ ìka márààrún sí ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú bàtà ni wọ́n máa ń wà tí ẹnikẹ́ni kò ní rí wọn. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀. Bàbá mi kì í kan ìṣó mọ́ ohun tó máa fara kan ara ènìyàn. Èèkàn igi wẹ́wẹ́ ló máa ń lò.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ọ̀gá máa ń bọ́ ẹsẹ̀ náà, á sùn díẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Òógùn máa ń rin awọ inú rẹ̀, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ sá a sóòrùn lójú fèrèsé. Nígbà tó jẹ́ pé bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, èmi ni ẹni náà. Ipò ńlá ni. Àwọn kan ń lu agogo, àwọn kan ń pín ṣọ́ọ̀kì, èmi ni mo ń sá ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọ̀gá jí, ó na ọwọ́ sí ojú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sófo. Wọ́n lu agogo, gbogbo wa tò síta. Ọ̀gá dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó di férémù ilẹ̀kùn mú. Mónítọ̀ kíláàsì wa na ọwọ́ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan. Etí òsì Ọ̀gá kò gbọ́ràn, nítorí náà Mónítọ̀ kọ́kọ́ rìn yí ká lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má bàa ṣòfò. Ó wá ní, "Sà, mo rí i tó ń fi ẹsẹ̀ náà sínú báàgì rẹ̀." Èmi ló nàka sí.

Mo ní, "Sà, ẹsẹ̀ yẹn gùn ju báàgì mi lọ."

Ọmọ káfíńtà ni mí, mo mọ ìwọ̀n. Ọ̀gá ní kì í ṣe àkókò ìṣirò nìyí. Wọ́n tú báàgì mi, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ àfi ìwé méjì àti pẹ́ńsù. Ọ̀gá ní ẹ̀rí tó dájú nìyẹn pé mo ti gbé e lọ síbòmíràn. Wọ́n lé mi. Kíláàsì márùn-ún ni mo wà. Ibẹ̀ ni ìwé mi pin sí.

Bàbá mi gbẹ́ òmíràn fún un, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Ọ̀gá tiro lórí rẹ̀ títí ó fi kú. Bó bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, á dúró, á wò mí, á fi ẹsẹ̀ náà gbá ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kó, kó. Á wá máa lọ.

Bàbá mi náà, nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí n súnmọ́ òun. Mo rò pé ó fẹ́ súre fún mi ni. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ ibi tí o gbé ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn sí. N ò ní nà ọ́." Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì nígbà náà.

Èmi náà di káfíńtà. Mónítọ̀ di sítọ́kípà ní ọ́fíìsì ìjọba kan, ó sì ka ṣọ́bìrì ìjọba fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àdúgbò kan náà la ń gbé. Gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é ní Mónítọ̀ nítorí pé ara rẹ̀ nìkan ló jáde ní kíláàsì. N kì í kí i. Bó bá gba apá ọ̀tún títì, apá òsì ni màá gbà. Nígbà tó kọ́lé sí apá òsì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ẹlòmíràn. Bí àga rẹ̀ bá ṣẹ́, á gbé e kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan tí kò mọṣẹ́, inú mi á sì dùn fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ó ya pálọ̀ ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun àtijọ́, ó kọ ọ́ sí ara gééètì pé kí àwọn ènìyàn wá wò ó. Wọ́n ń lọ. Èmi ò lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, n ò bá a jà rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Káfíńtà. Ọkọ mi ní kí n wá bẹ̀ yín. Àpótí onígíláàsì la fẹ́ kí ẹ bá wa kàn."

"Káfíńtà pọ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ń tún àga yín ṣe."

"Òun la kọ́kọ́ bá. Ó kàn án tán, ilẹ̀kùn rẹ̀ ò ṣí." Ó rẹ́rìn-ín. "Àpótí náà dùn-ún wò, ìta ni ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ wà."

"Kí lẹ fẹ́ fi sínú rẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ kan ni. Ẹsẹ̀ igi."

Mo gbé ayùn sílẹ̀. "Ẹsẹ̀ ta ni?"

"Wọ́n ní ti jagunjagun kan ni. Èmi ò mọ̀ o. Láti ìgbà tó ti fẹ́ mi ló ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ gan-an ni mo kọ́kọ́ rí i. Díẹ̀ ló kù kí n sá padà sílé wa. Mo rò pé ibẹ̀ ni ìyókù obìnrin tó fẹ́ ṣáájú mi wà."

Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀lé e.

Pálọ̀ yẹn kò jọ pálọ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjìlélógóje wà lára ògiri, kò sí àgádágodo kankan. Abọ́ kan kún fún bọ́tìnnì tó já lára aṣọ àwọn tó ti kú. Awò ojú olójú kan wà níbẹ̀, àti òkúta kan tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀ pé alága kan kọsẹ̀ lára rẹ̀ nígbà tó ń lọ gba ipò. Wọ́n fi okùn yí àga ńlá kan ká, wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ÀGA TÍ KỌMÍṢỌ́NNÀ DÁKÚ LÉ. Mo ń wá ibi tí màá jókòó sí.

"Ẹ jókòó sórí èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ìyẹn ò tíì ní ìtàn. Ẹ má jókòó pẹ́ ṣá. Èmi gan-an, bí mo bá jókòó pẹ́ síbì kan nínú ilé yìí, ẹ̀rù máa ń bà mí kí ọkọ mi má lọ lẹ ìwé mọ́ mi lára."

Mónítọ̀ wọlé, bírò wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

"Káfíńtà."

"Mónítọ̀."

Ìyẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ tó kọjá láàárín wa láti ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta.

Ẹsẹ̀ náà wà lórí tábìlì, wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sábẹ́ rẹ̀. N ò nílò láti wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ènìyàn kì í bi ara rẹ̀ léèrè ta ni bàbá òun bó bá rí i lójú títì. Ọmọ ìka márààrún ń wò mí. Páálí kan dúró níwájú wọn.

"Kà á," ni Mónítọ̀ wí.

"Ìwọ kà á fún mi. O mọ ibi tí ìwé mi dé."

Ó kà á, ojú kò tì í: "Ẹsẹ̀ Jagunjagun Ńlá. Ó fi ja ogun méje. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún." Ó tún páálí náà tò kó gún régé. "Ọ̀mọ̀wé kan láti ilé ohun àtijọ́ ìjọba ló fọwọ́ sí i. Ó wọ̀n ọ́n, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè gbẹ́ irú ọmọ ìka yìí mọ́ láyé òde òní. Mo gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ méjì ló wà lórí ẹ̀."

Inú mi dùn fún bàbá mi, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kí lorúkọ jagunjagun náà?"

"Ìtàn kò sọ."

"Ojú ń ti ìtàn ni."

Mo fọwọ́ kan ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ ara ògiri, mo rí i pé wọ́n ká ìwé tín-ín-rín kan sínú ihò rẹ̀. Mónítọ̀ sáré gbà á lọ́wọ́ mi.

"Má fà á yọ. Gbogbo ohun tó wà níbí ló ní ìwé méjì. Èyí tó wà níta, ti àlejò nìyẹn. Èyí tó wà nínú, tèmi nìyẹn: ọjọ́ tí mo rí i, ibi tí mo ti rí i, bí mo ṣe rí i. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe é. Ohun tí kò bá ní ìwé nínú, pàǹtí ni."

"Èyí tó wà níta lè jẹ́ irọ́?"

"Àlejò ò lè gbádùn òótọ́."

Mo yọ téèpù mi, mo wọn ẹsẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ ni. Báàgì mi nígbà yẹn kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo fi dúró de ìṣirò náà.

"Mónítọ̀," mo ní, "màá kàn án fún ọ. N ò ní gba nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí o kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ sọ níwájú ènìyàn pé ìwọ lo mú ẹsẹ̀ yìí, kì í ṣe èmi."

"Ẹsẹ̀ wo? Káfíńtà pọ̀ nílùú."

"Wọ́n pọ̀. Ilẹ̀kùn wọn ni kì í ṣí."

Mo jáde. Ọ̀dọ̀ ọmọ Ọ̀gá ni mo gbà lọ. Télọ̀ ni, ó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ, Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó máa ń dá mi lóhùn bí mo bá kí i, nítorí pé wọ́n tọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ kì í ju ìdajì lọ. Lọ́jọ́ yẹn, kò dá máṣíìnì rẹ̀ dúró.

"Àǹtí, mo ti rí ẹsẹ̀ Bàbá."

Máṣíìnì dúró. "O ti wá rántí ibi tí o gbé e sí."

"Èmi kọ́ ni mo gbé e, mà. Ilé Mónítọ̀ ló wà."

"Ta ló gbé e fún un?"

Ó yọ abẹ́rẹ́ kan lẹ́nu rẹ̀, ó gún un mọ́ aṣọ.

"Ẹsẹ̀ kan la fi sin bàbá mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ẹ, mo ní kí wọ́n wọ èkejì fún un, èyí tí kò bá a mu yẹn. Ìyá mi ní rárá, ó ní ìyẹn ti dà á láàmú tó. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ń rán ṣòkòtò, tí mo bá dé ẹsẹ̀ ọ̀tún, òun ni mo máa ń rántí. Bí o bá fẹ́ jẹ́wọ́, jẹ́wọ́. Má wá ẹlòmíì tí wàá gbé e kọ́ lọ́rùn."

Máṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀. Mo lọ sílé. N ò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn, n kì í sì í ṣe ẹni tí oúnjẹ máa ń kọ̀.

Mónítọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá bá mi ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe. Wọ́n pè é sórí rédíò kó wá sọ ìtàn ẹsẹ̀ náà, ẹnu rẹ̀ sì dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Jagunjagun tó fi ja ogun méje ti di ẹni tó fi ja ogun mẹ́rìnlá. Ó fi ẹsẹ̀ náà fo odi. Ó fi gbá gééètì ìlú kan wọlé. Nígbà tí ètò náà máa fi parí, ẹsẹ̀ yẹn ti ṣe ju ohun tí ẹsẹ̀ méjì lè ṣe lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin mẹ́rin wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Agbẹnusọ wọn ni ẹni tí ikùn rẹ̀ ṣáájú.

"Pósí la fẹ́," ó ní.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló kú?"

"Bàbá ńlá wa."

"Ìgbà wo?"

"Ó ti tó ọ̀ọ́dúnrún ọdún."

"Ẹ ò tètè wá."

Ojú rẹ̀ le. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Ó wà nílé ọkùnrin kan ládùúgbò yín. Orí rédíò la ti gbọ́. A fẹ́ gbé e lọ sílé lọ sin."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé bàbá ńlá yín ni?"

"Ọkùnrin náà ní ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ jagunjagun náà. Bàbá ńlá tiwa náà, a ò mọ orúkọ rẹ̀."

Àwọn mẹ́ta yòókù mi orí. N ò rí ẹni tó lè já irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní koro. Wọ́n tún ti lọ bá Ọ̀mọ̀wé náà, ó sì ti fún wọn ní ẹ̀dà lẹ́tà rẹ̀, òǹtẹ̀ méjèèjì wà níbẹ̀. Ìwé tí Mónítọ̀ fi ń ṣe fáàrí ni wọ́n fẹ́ fi gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Agbẹnusọ ní òun ò mọ bí ẹsẹ̀ náà ṣe gùn tó. Mo ní, "Ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀." Wọ́n wo ara wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ jẹ́jẹ́ pé bàbá ńlá ti fara hàn mí. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Bí ẹja bá ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú àwọ̀n, ta ni yóò pariwo lé e?

Mo kan pósí náà dáadáa, kékeré, mo sì fá a títí ó fi ń dán. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ lọ gbé ẹsẹ̀, mo kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Àǹtí Télọ̀.

"Ẹ kàn bá mi débẹ̀, mà. Bí kì í bá ṣe ẹsẹ̀ Bàbá, n ò ní dárúkọ rẹ̀ létí yín mọ́ láyé mi."

"Ìyẹn nìkan tó láti wá," ó ní, ó sì mú gèlè.

Ọ̀sán gangan ni a dé ibẹ̀. Ọ̀mọ̀wé jókòó sórí àga tí kò ní ìtàn, fáìlì wà lórí itan rẹ̀. Agbẹnusọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ náà, ó sì sunkún níwọ̀nba. Mónítọ̀ dúró lẹ́bàá tábìlì, òógùn bò ó.

"Ẹ ò lè gbé e lọ. Tèmi ni."

"Bàbá ńlá wa ni tiyín?" ni Agbẹnusọ bi í. "Ẹ̀yin lẹ bí i ni?"

"Ọ̀mọ̀wé, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ọ̀mọ̀wé ṣí fáìlì. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ti jagunjagun ni. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jagunjagun ti ní àwọn ọmọ báyìí. N ò lè fa òǹtẹ̀ tu."

Agbẹnusọ gbá ẹsẹ̀ náà mú ní ìsàlẹ̀. Mónítọ̀ gbá a mú lókè. Wọ́n fà á síbí, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, àwọn àgbà méjì tí orí wọn ti funfun. Nígbà tí ọwọ́ Mónítọ̀ ń yọ̀, ó figbe ta.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí jagunjagun kankan. Èmi ni mo dá a sílẹ̀."

Agbẹnusọ jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ó ti gbóná.

Àǹtí Télọ̀ ti súnmọ́ ọn. Ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ọmọ ìka tó kéré jù lára ẹsẹ̀ náà. "Ó sán níbí," ó ní. "Mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Èmi ni mo jẹ́ kó já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Bàbá mi ní kí n má sọ fún ìyá mi." Ó nàró. "Ẹsẹ̀ bàbá mi ni. Báwo ló ṣe dé ọwọ́ rẹ, Mónítọ̀?"

Mo rí ojú Mónítọ̀ bó ṣe ń yí kiri nínú pálọ̀, títí ó fi bà lé mi. Mo ti rí ojú yẹn rí. Ó na ọwọ́ sókè, bí ó ṣe nà án lọ́jọ́ náà gan-an.

"Ti Ọ̀gá ni lóòótọ́. Káfíńtà yìí ló tà á fún mi."

Gbogbo wọn wò mí. Àǹtí Télọ̀ náà wò mí, ojú bàbá rẹ̀ ló fi wò mí, mo sì ń retí kó, kó. Bí mo bá ṣẹ́, ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo ti ń ṣẹ́ láti kékeré. Mo wá rántí kọ́kọ́rọ́ ara ògiri.

"Mónítọ̀," mo ní, "ohun tí kò bá ní ìwé nínú, kí lo ní ó jẹ́?"

Mónítọ̀ na ọwọ́ sí ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ti gbé e fún mi.

Èèkàn mẹ́rin ni bàbá mi fi di awọ inú ife náà mú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, á ya awọ náà. Mo fi àtàǹpàkò tì wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta jẹ́ iṣẹ́ bàbá mi. Ẹ̀kẹrin, igi ìṣáná ni. Mo ká awọ náà sókè. Ìwé kan wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ya nínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé, tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Mo fún Àǹtí Télọ̀.

"Ẹ bá mi kà á, mà. Ẹ mọ ibi tí ìwé mi dé."

Ó gbé e jìnnà sójú, ó kà á: "Nọ́ńbà kìíní. Ẹsẹ̀ Ọ̀gá. Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo mú un lójú fèrèsé. Mo gbé e gba ẹ̀yìn ilé ìtọ̀. Ẹnikẹ́ni kò rí mi. Mónítọ̀, Kíláàsì Márùn-ún."

Ó ti fi rúlà fa ilà sí abẹ́ orúkọ oyè rẹ̀.

Ìyàwó Mónítọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi sùn lé Ọ̀gá lórí," ó ní.

Ọ̀mọ̀wé ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní ìwé náà gan-an ti di ohun àtijọ́, ó yẹ kí òun kọ lẹ́tà lé e lórí. Agbẹnusọ wúkọ́. Ó bèèrè bóyá nǹkan mìíràn ò sí nínú ilé yìí tó lè jẹ́ ti bàbá ńlá àwọn, nítorí pé àwọn ti sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọ́n máa retí. Ìyàwó Mónítọ̀ ní kí Ọ̀mọ̀wé dìde, ó sì gbé àga tí kò ní ìtàn fún wọn. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún àga náà kí wọ́n tó gbé e. Kó tó dé ilé wọn, á ti ní ìtàn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Mónítọ̀ ní, "Ìwé lásán nìyẹn. Ọmọdé ló kọ ọ́."

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ," mo ní.

Àǹtí Télọ̀ yíjú sí mi. "Ìwé ti sọ ọ́ tán. Kí lo tún ń fẹ́?"

"Ìwé kọ́ ló parọ́ mọ́ mi, mà. Ẹnu ni."

Ó ní, "Òun kó ẹsẹ̀ pamọ́, ìwọ kó ìbínú pamọ́. Akónǹkanjọ ni ẹ̀yin méjèèjì." Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ṣùgbọ́n òótọ́ lo sọ, àbúrò. Etí ni bàbá mi fi gbọ́ irọ́ náà. Etí náà ni yóò fi gbọ́ èyí."

Mónítọ̀ na ọwọ́. "Ẹ fún mi ní ìwé mi, Àǹtí. Ẹ lè mú ẹsẹ̀. Ẹ má mú ìwé."

"Kí ló dé tí o kò yọ ọ́ láti ọjọ́ yìí, kí o sun ún?"

"N ò lè yọ ọ́," ó ní, bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. "Bí mo bá yọ ọ́, kò ní jẹ́ tèmi mọ́."

Àǹtí Télọ̀ ká ìwé náà, ó fi sínú búláòsì rẹ̀. "Tó bá di Ọjọ́rú, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, pàdé wa níbi sàréè bàbá mi. Ìwọ ni kí o gbé pósí náà. Bí o bá fi ẹnu rẹ sọ ọ́ ketekete, màá fún ọ ní ìwé rẹ."

Pósí tí mo kàn fún jagunjagun bá ẹsẹ̀ Ọ̀gá mu rẹ́gí. Mo ti dá awọ inú rẹ̀ padà, mo gbẹ́ èèkàn tuntun kan dípò igi ìṣáná, mo fi òróró pa á, mo sá a sóòrùn bí mo ṣe máa ń sá a. Lọ́jọ́rú náà, àwọn agbẹ́lẹ̀ méjì gbẹ́ ihò kékeré sí ìdí sàréè, ní apá ọ̀tún, níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ náà wà. Ìyàwó Mónítọ̀ wá. Mónítọ̀ gbé pósí náà láti ilé, nínú oòrùn, kò sì sí ẹni tó bá a gbé e. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ihò pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó nàró, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó rìn kọjá sí òdìkejì sàréè, ó tún ohùn ṣe.

"Ẹ káàsán, sà. Àṣìṣe kan ló ṣẹlẹ̀ nígbà kan."

"Ta ló ṣe é?" ni Àǹtí Télọ̀ wí.

"Wọ́n mú ẹsẹ̀ yín níbi tí ẹ fi í sí, sà."

"Ta ló ń jẹ́ wọ́n?"

Ó wo àwọn agbẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fara ti ṣọ́bìrì wọn, wọ́n ń gbádùn ara wọn. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ìyẹn kò gbójú kúrò. Ó wá sọ nǹkan kan sínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tí èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò gbọ́.

Mo ní, "Apá òsì lo dúró sí. O mọ̀ pé etí yẹn ò gbọ́ràn. Lọ sí apá ọ̀tún bí o ṣe lọ lọ́jọ́sí, kí o sọ ọ́ sókè."

Ó rìn yí sàréè náà ká. Ó dúró sí apá ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gòkè fúnra rẹ̀.

"Ọ̀gá, èmi ni, sà. Èmi ni mo jí ẹsẹ̀ yín. Mo rí i lójú fèrèsé, mo kàn fẹ́ kó jẹ́ tèmi. Káfíńtà kò mú un. N ò rí i kó fi nǹkan kan sínú báàgì. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, sà."